Àtọ̀ màlúù tí wọ́n ti ṣà kó máa bí abo: mo ra 11, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye tí mo rà àti iye tí mo rí, nítorí òun ni ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù máa bi mí. Mo ra sìtírọ́ọ̀ 11, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń di àtọ̀ sí, ti Jersey, màlúù oníwàrà àwọn òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ti ṣà kó lè bí abo. Màlúù mẹ́rin ló lóyún. Mẹ́ta bí abo, ọ̀kan bí akọ. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́ta nínú márùn-ún ni màá fún un. Ọ̀kan nínú méjì tí mo yọ kì í sì í ṣe ẹ̀bi àtọ̀ náà rárá. Ẹ̀bi èmi àti ẹni tó tà á fún mi ni.

Agbègbè Ìsẹ́yìn ni ọgbà mi wà. Màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń dà, èyí tí wọ́n ń pè ní Bunaji, ni mo ní, 14 péré. Bàbá kan ní gáà ìtòsí ló ń bá mi mójú tó wọn. Ẹran tó le ni, ooru kì í pa á, ebi kì í tètè mú un balẹ̀, ṣùgbọ́n wàrà ọ̀hún kò tó nǹkan. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀ tán, tí ẹ bá rí lítà méjì fún lójúmọ́, ẹ ti ṣe oríire. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ Jersey. Jersey kò tóbi bíi Holstein, màlúù oníwàrà mìíràn, ọmọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ há ìyá lójú ara, ọ̀rá inú wàrà rẹ̀ sì pọ̀, èyí tó dára fún àwa tí à ń ta wàrà dídì.

Lọ́dún tó ṣáájú, AI lásán ni mo ṣe, ìyẹn ni pé dókítà fi ọwọ́ fi àtọ̀ tí wọn kò ṣà sínú màlúù, láìsí pé akọ gùn ún. Sìtírọ́ọ̀ 9, màlúù márùn-ún lóyún, akọ mẹ́ta, abo méjì. Inú mi bàjẹ́. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ìyá mi bí obìnrin mẹ́rin kó tó bí mi, gbogbo ẹbí ló sì ń wo ìdí rẹ̀ bíi pé ó jẹ gbèsè. Èmi ọkùnrin tí wọ́n wá fi dí ẹnu ẹbí ni mo dúró nínú ọgbà màlúù yìí tí mò ń kanrí nítorí akọ. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé wọ́n ti ń ta àtọ̀ tó ń bí abo nìkan, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ṣé ẹ ti wá ń yan ọmọ bí ẹni ń yan ata lọ́jà ni?”

Ó fara jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nínú àtọ̀ akọ màlúù, èyí tó máa bí abo àti èyí tó máa bí akọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìdajì ìdajì. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ni pé DNA, ohun àjogúnbá, inú èyí tó ń bí abo fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú 100 ju ti èkejì lọ. Wọ́n á fi aró kan kùn wọ́n, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú iná lésà. Èyí tí DNA rẹ̀ pọ̀ á tàn díẹ̀ ju èkejì lọ, kọ̀ǹpútà á rí i, iná mànàmáná á sì tì í sí ọ̀tọ̀. Ẹ̀wà ṣíṣà ni, àfi pé ẹ̀rọ yìí ń ṣa ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ló fi ọ̀nà yìí bí ehoro lọ́dún 1989, kó tó di ohun tí wọ́n ń tà fún àwa olówó màlúù.

Ohun tí ẹni tó tà á kò sọ fún mi nìyí, mo sì kàn án lábùkù: ṣíṣà yẹn ń gba ara àtọ̀. Aró, iná, títì, kí wọ́n tún wá dì í: nígbà tí ó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Iye rẹ̀ pẹ̀lú kéré. Sìtírọ́ọ̀ lásán máa ń ní bíi mílíọ̀nù 15 sí 20 ẹyọ àtọ̀ nínú. Èyí tí wọ́n ṣà, mílíọ̀nù méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di mẹ́rin báyìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá já fáfá, tó ń rí oyún pẹ̀lú ti lásán, kò ní rí i pẹ̀lú èyí.

Oṣù kejì ọdún ni mo kọ́kọ́ ṣe é, nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nígbà tí ẹ lè ka egungun ìhà màlúù láti òkèèrè. Ìwà òmùgọ̀ mi kìíní nìyẹn. Mo ra mẹ́fà: mẹ́ta fún àwọn ìyá tó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́ta fún ẹgbọrọ tí kò tíì bí rí. A gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí wọ́n wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ méjì tó fi ọjọ́ 11 jìnnà síra. Ọmọkùnrin tí olùtajà rán wá láti Ìbàdàn dé lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán, pẹ̀lú àgbá naitirójìn, omi olótùútù tí wọ́n fi ń pa àtọ̀ mọ́, lẹ́yìn ọ̀kadà. Mo ní kó jẹ́ kí n wo inú àgbá náà. Ó ki igi kan bọ̀ ọ́, òtútù funfun tó lẹ̀ mọ́ igi náà kò ju ìka méjì lọ, ìyẹn ni pé naitirójìn inú rẹ̀ ti fẹ́ tán. Òtútù tó tó 196 lábẹ́ òdo ló yẹ kí nǹkan yìí máa wà ní gbogbo ìgbà! Ó wá bu omi gbígbóná láti inú fúláásìkì tíì sínú ife, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó ní ó ti tó. Kò sí tẹmómítà. Mo dákẹ́, nítorí pé òun ni “dókítà”. Ó yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì nínú oòrùn, ó sì ń fi wọ́n sí màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn oṣù méjì, dókítà ẹran mìíràn wá ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n wò. Ọ̀kan péré ló lóyún, ẹgbọrọ kan. Mo pe olùtajà, ó ní màlúù mi ni kò dára.

Nínú oṣù kẹfà, tí koríko ti yọ dáadáa, mo tún ra márùn-ún lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹgbọrọ nìkan ni mo sì yàn, àwọn tí ara wọn ti kún. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Gáà ló ṣe iṣẹ́ gidi. Bunaji kì í pẹ́ kó tó pa ìwá-akọ rẹ̀ mọ́, òru ló sì sábà máa ń ṣe é, àfi kí ènìyàn dúró tì í. Bàbá sùn sẹ́yìn ọgbà fún òru mẹ́rin. Tí wọ́n bá ti rí èyí tó dúró jẹ́ẹ́ kí òmíràn gùn ún, wọ́n á pè mí: “Ọ̀gá, ó ti dúró o.” Ti lásán, a máa ń fi sí i ní wákàtí 12 lẹ́yìn ìgbà náà. Èyí tí wọ́n ṣà kì í pẹ́ láyé nínú ikùn màlúù, ó dára kí a pẹ́ díẹ̀ sí i: wákàtí 16 sí 24. Dókítà yìí ní tẹmómítà, ó ń yọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú omi tó gbóná dé ìwọ̀n 37 Celsius fún ìṣẹ́jú àáyá 45, kì í sì í yọ èkejì títí kìíní fi wọlé. Mẹ́ta nínú márùn-ún lóyún.

Oṣù kọkànlá ni ẹgbọrọ ti àkọ́kọ́ yẹn bí. Gbogbo wa ló yọ jáde wò ó. Akọ! Mo ti ná owó sìtírọ́ọ̀ mẹ́fà, akọ kan ṣoṣo ni mo rí gbà. Bàbá Gáà wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ètè wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Ìwé tó wà pẹ̀lú ọjà náà sọ ọ́: 90 nínú 100 ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo kà á, mo kàn rò pé àwọn 10 yẹn, ọmọ ẹlòmíràn ni. Nínú oṣù kẹrin, àwọn mẹ́ta yòókù bí abo mẹ́ta, ìbí wọ́ọ́rọ́wọ́, a kò fi okùn fa ìkankan.

Ní ti owó, n kò ní kọ iye náírà síbí, yóò ti yí padà kí ẹ tó kà á tán. Ẹyọ kan tí wọ́n ṣà jẹ́ owó méjì àtààbọ̀ ti lásán lọ́dọ̀ mi. Sìtírọ́ọ̀ lásán 9 fún mi ní abo méjì, ìyẹn mẹ́rin àtààbọ̀ fún abo kan. Owó 11 tí wọ́n ṣà tó ti lásán 27 àtààbọ̀, abo mẹ́ta ni mo rí: ó lé ní mẹ́sàn-án fún abo kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá wo ìgbà kejì nìkan, ó lé díẹ̀ ní mẹ́rin. Àwọn òyìnbó tí ń sin màlúù oníwàrà kì í sábà fẹ́ akọ, nítorí kò ní fún wọn ní wàrà. Lọ́dọ̀ tiwa, akọ lowó Iléyá àti owó òkú àgbà. Ẹni tó jẹ́ pé ẹran pípa ló ń tà, kò nílò nǹkan yìí. Ẹni tó ń ta wàrà, kó rà á fún ẹgbọrọ nìkan, lásìkò òjò, lọ́wọ́ ẹni tó gbà kí ẹ yẹ àgbá rẹ̀ wò.

N kò lè sọ nǹkan kan nípa wàrà àwọn abo mẹ́ta náà, wọ́n ṣì ń mu ti ìyá wọn. Akọ ni Bàbá Gáà kò yé wò. Wọ́n ní tó bá fi pé ọdún méjì, kí n má tà á fún ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n mú owó sìtírọ́ọ̀ mẹ́fà wá.