Ẹ̀yin obìnrin Èkìtì, ẹ ṣọ́ra fún bàtà “àṣà ọdún yìí” tó ti gbó sínú páálí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ ń ra bàtà lórí fóònù láti Adó títí dé Ìdó àti Ìjerò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oníbàtà kan wà ní Adó-Èkìtì tó ń polówó bàtà obìnrin lórí WhatsApp. Ó ní àṣà tó lòde lọ́dún yìí ni, tuntun látinú páálí. Páálí ni tuntun. Bàtà inú rẹ̀ ti gbó kó tó débẹ̀.

₦32,000 ni mo san. Bàtà aláwọ̀ wáìnì ni, sólù rẹ̀ nípọn, ó ní okùn kan tó gba orí ẹsẹ̀ kọjá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Mary Jane. Àbúrò ọkọ mi ló ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìdó-Èkìtì, wáìnì sì ni aṣọ ẹbí wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rí i pé nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mi lórí táìlì funfun. Mo rò pé ẹrẹ̀ ni, mo fi ẹsẹ̀ gbá a sábẹ́ àga. Nígbà tí wọ́n pe ẹbí ọkọ pé ká jó bọ́ síwájú, gìgísẹ̀ ọ̀tún wó mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kò ṣẹ́ o, ó rún wómúwómú bíi bisikíìtì tí omi kán sí. Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò fi ṣubú lu ọmọ ọwọ́ tó wà níwájú mi. Ìyá ọkọ mi rán ọmọ kan lọ sínú mọ́tò, sílípáàsì rọ́bà ló mú bọ̀, òun ni mo wọ̀ ya gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ṣùmékà tó máa ń bá mi tún bàtà ṣe nítòsí Ọjà Ọba. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó mú ẹsẹ̀ òsì, èyí tí kò tíì bàjẹ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ sólù rẹ̀, àtàǹpàkò sì wọlé bí ẹni tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó ní, “Àǹtí, wíwọ̀ kọ́ ló gbó bàtà yín o. Ìjókòó ló gbó o.” Ó fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀: ọ̀dà wáìnì ló wà lókè, àwọ̀ búráùn tó ti ṣá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tuntun ni wọ́n fi yí etí sólù ká, ó ṣì ń rùn. Òórùn yẹn gan-an ni mo fi gbà pé bàtà tuntun ni nígbà tí mo ṣí páálí. Ó tún yí inú rẹ̀ síta fún mi. Páálí kọ 39, ara bàtà kọ 240. Mìlímítà gígùn ẹsẹ̀ nìyẹn, 38 ló sì ń jẹ́. 245 ni 39. Páálí bàtà mìíràn ni wọ́n kó o sí.

Púpọ̀ nínú sólù tó nípọn tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, polyurethane ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí àwọn oníbàtà ń pè ní PU. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, à báà wọ̀ ọ́, à báà máà wọ̀ ọ́. Ooru máa ń mú kó tètè bàjẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ti pẹ́ lọ́dún mélòó kan nínú yàrá tí atẹ́gùn kì í dé, nílẹ̀ olójò bíi tiwa, ojú rẹ̀ lè máa dán nígbà tí inú rẹ̀ ti jẹrà.

Ibi tí wọ́n ti ń rí wa mú nìyí. Àṣà bàtà obìnrin kì í lọ kó má bọ̀. Ìyá mi wọ bàtà gáráńtì ní àwọn ọdún 1970, sólù rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó. Ó lọ, ó tún bọ̀ ní àwọn ọdún 1990, ó sì ti tún wà níta báyìí. Tí àṣà bá ti yí padà wá bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò tà nígbà tó kọjá yóò lọ tú u jáde, yóò kùn ún lọ́dà, yóò wá páálí tó mọ́ fún un, yóò sì fi àwòrán bàtà ìlú òyìnbó polówó rẹ̀.

Èmi fẹ́ràn àṣà o, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí bàtà tó rẹwà. Ṣùgbọ́n àsìkò tó ń bí àwọn àṣà wọ̀nyí kì í ṣe tiwa. Ní Paris àti Milan, oṣù kejì sí oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣàfihàn ohun tí wọn yóò wọ̀ nígbà òtútù, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni wọ́n ń ṣàfihàn ti ìgbà ooru. Òjò àti ọyẹ́ làwa ní. Lákòókò òjò, ilẹ̀ pupa wa a máa gbé gìgísẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mì, gìgísẹ̀ kúkúrú tó fẹ̀ ló yẹ wá. Bùútù onírun nínú tí oníbàtà yìí ń pariwo rẹ̀ ní Kérésì, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú oòrùn ọ̀sán Adó? Òun náà ló ń sọ pé ká kánjú san owó kí àsìkò tó lọ.

Mo pè é. Ó ní mo rìn ín ní ìrìnkúrìn. Mo fi fídíò ránṣẹ́, ó ní òun kì í dá owó padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dínà mọ́ nọ́ńbà mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ létí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn méjì mìíràn gbé tiwọn jáde, ọwọ́ ẹni kan náà ni wọ́n ti rà á. Ó ti yí orúkọ tó fi ń tajà padà, nítorí náà ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n: ẹyọ kan ló máa ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, gbogbo owó ló ń gbà ṣáájú, kì í jẹ́ kí ẹ wá sí ṣóòbù, ọlọ́kadà tó ń gbé e wá kì í sì í dúró kí ẹ ṣí páálí.

Ẹ ní kó fi ọwọ́ tẹ sólù bàtà náà gan-an nínú fídíò, kó pe orúkọ yín àti ọjọ́ òní sínú rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tí bàtà bá dé, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí ọdẹ ń tẹ ọrun, kí ẹ tó sanwó. Àwọn oníbàtà tòótọ́ pọ̀ ní Adó tí kò ní bínú sí èyí. Bàtà Aba onísólù rọ́bà tí mo rà ní Ọjà Ọba lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, ohun yòówù kí olùtajà kọ sínú ríṣíìtì. FCCPC ni àjọ tó ń mójú tó o. Mo ti kọ ẹ̀sùn tèmi sí wọn, mo so ẹ̀rí owó tí mo san àti fídíò mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ tiyín náà, ẹ má da bàtà yẹn nù. Tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ ṣùmékà, ó sì ti gbà pé ẹni tó bá yà síbẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.