Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún "sípíríǹgì" ọlọ́dà dúdú

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ̀bẹ lẹ́yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó irin lórí WhatsApp. Ẹnì kan wà tó ń ta irin pẹlẹbẹ tó kùn lọ́dà dúdú, ó ń pè é ní sípíríǹgì tíréílà, irin líle tó ṣeé fi rọ ọ̀bẹ. Irọ́ ni. Ó gbowó mi, irin rẹ̀ sì dá mi dùbúlẹ̀.

Ọ̀pá mẹ́fà ni mo rà ní ₦24,000. Ó ní òun ti bá mi tọ́ ọ, òun sì ti kùn ún kó má baà dípẹtà. Ó fi fídíò ránṣẹ́: gráńdà ń já iná lára irin, iná náà ń fọ́n ká bí ìràwọ̀, bíi ti sípíríǹgì gidi. Irin inú fídíò yẹn kọ́ ló dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo ní kó gé ọ̀kan níṣojú mi lórí fóònù, ó ní àwọn oníbàárà ń dúró de òun, kí alert kọ́kọ́ wọlé.

Mo ti ọ̀pá àkọ́kọ́ bọ inú èédú, nínú ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù tí mo sọ di ààrò. Èéfín funfun tó nípọn ń jáde, nǹkan bí òwú sì ń hù lára irin. Mo rò pé ọ̀dà ló ń jó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, òtútù mú mi bí ẹni tí ibà kọlù, àyà mi há, ohun gbogbo tí mo fi sẹ́nu ń tọ́ bí irin. Síǹkì, èyí tí wọ́n fi ń bo irin kó má baà dípẹtà, ló wà lábẹ́ ọ̀dà! Bí iná bá kan síǹkì, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára. Ìta gbangba ni mo ti ń ṣiṣẹ́; ká ní inú yàrá ni, ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ti irin ọlọ́dà bọ iná láìkọ́kọ́ ha á. Bí ẹ bá rí síǹkì aláwọ̀ eérú lábẹ́ ọ̀dà, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀pá kejì kò ní síǹkì. Mo fi ṣe ọ̀bẹ, mo kì í bọná títí mágínẹ́ẹ̀tì kò fi fà á mọ́, mo rì í bọ òróró ẹ̀pà tó lọ́wọ́ọ́rọ́ kó lè le. Síbẹ̀, fáìlì jẹ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ha iṣu. Sátidé mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà, ó ní: "Ọ̀gá mi, ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ náà ni." Mo sì gbà á gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ni tàbí irin, ibẹ̀ ló ti ń rí wa mú.

Bàbá alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Wọ́n gbé ọ̀bẹ náà sórí owú, irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu nǹkan lé, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ kọdọrọ. "Ọmọ mi, irin ojú fèrèsé lèyí. Bó o rì í bọ epo títí di ọ̀la, kò ní le." Kábọ́ọ̀nù ló ń jẹ́ kí irin le. Ti sípíríǹgì ọkọ̀ tó nǹkan bí 0.6 nínú 100. Ti irin fèrèsé kì í sábà ju 0.25 lọ.

Sípíríǹgì gidi máa ń tẹ̀ bí ọrun, ó ní ihò láàárín fún bóòtù, etí ọ̀pá tó gùn jù nínú wọn sì máa ń ká kò. Ẹ rà á bó ṣe jáde lára ọkọ̀, pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀, níbi tí ẹ ti lè fọwọ́ kàn án, irú bí Owódé Onírin l'Ékòó. Ẹ kọ́kọ́ ra ẹyọ kan. Ẹ gé èyí tó gùn tó ìka, ẹ mú un gbóná kọjá ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀, nǹkan bí 770°C, ẹ rì í bọ òróró. Fáìlì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí orí dígí. Ẹ wọ gíláàsì, ẹ fi aṣọ wé e nínú fáìsì (irinṣẹ́ tó ń di irin mú), ẹ lù ú: ojúlówó á kán.

Ọkùnrin náà ti búlọ́ọ̀kì mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí àwòrán irin kan náà lábẹ́ orúkọ mìíràn, lórí aṣọ pupa kan náà. Ọ̀pá mẹ́rin ṣì wà lọ́wọ́ mi n'Íbàdàn. Mi ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni; ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i kó lè dá a mọ̀, kó wá.