Kẹ̀kẹ́ Lórí Iyanrìn Àgbádárìgì àbí Lórí Ilẹ̀ Pupa Ẹ̀pẹ́?

Ní Àgbádárìgì, inú ọkọ̀ ojú omi ni a óò kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ ológeere sí, kí a tó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Gberefu, níbi tí ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà dé etí òkun wà. Ọ̀nà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n fi omi rẹ̀ mú wọn gbàgbé ilé. Iyanrìn ibẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré: táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa rì sínú rẹ̀, táyà fífẹ̀ tí a tú díẹ̀ nínú atẹ́gùn rẹ̀ ló lè là á já. (Èmi fúnra mi ti kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe gùn ún lọ.)

Ti Ẹ̀pẹ́ rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pupa ọ̀nà oko ìhà Erédò le, ó sì gba táyà tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ lásìkò òjò, ẹrẹ̀ a máa dí bíréèkì pa. Agbègbè yẹn náà ni yàrà Erédò Ṣùngbọ́, tó gùn tó nǹkan bí 160 km, gbà kọjá. Bí ó bá jẹ́ gígùn kẹ̀kẹ́ nìkan ni, Ẹ̀pẹ́ ni n óò mú. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun, kí ó tètè dé Gberefu kí oòrùn tó mú iyanrìn gbóná.