Mo tún ti lọ sanwó ìyà: ilé ìwobọ́ọ̀lù kan ní Mọ́kọ́lá, lójú ọmọ Arsenal

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́nìkan tó bi mí, mo ní tíifíì nílé. Kò kéré, dátà wà lórí fóònù mi, ìyàwó mi ò sì lé mi jáde rí. Síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí Arsenal bá ń gbá, orí bẹ́ǹṣì onígi lẹ máa bá mi ní ilé ìwobọ́ọ̀lù kan báyìí lápá Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń fi ₦300 ra ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò wa ń bi mí pé ṣé ibẹ̀ dáa, ṣé káwọn máa wá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n yéé tún un sọ. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ o, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Bọ́ọ̀dù dúdú lẹ máa kọ́kọ́ rí níwájú. Ṣíámánù, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ẹni tó ni ibẹ̀, máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ match ọjọ́ yẹn sí i, aago tó máa bẹ̀rẹ̀ àti iye owó, ₦300 fún líìgì, ₦500 fún Champions League. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n "Asenal" ló máa ń kọ, mo ti bá a jà títí ó sú mi, mo sì gbà pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni torí ọmọ Man U ni. Paraku. Gbogbo ìgbà tí Arsenal bá ti já wa kulẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, "8–2" lẹ máa bá lójú bọ́ọ̀dù, kò sí àlàyé kankan nídìí ẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀, August 28, 2011 ni, Old Trafford, tí Man U gbá mẹ́jọ fún wa. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, Ṣíámánù ò tíì gbàgbé.

Inú ibẹ̀ ò rẹwà, mi ò ní purọ́ fún yín. Pákó ni wọ́n fi kàn án, páànù lókè, tójò bá ń rọ̀ ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù ń sọ rárá. Tíifíì ńlá méjì wà níwájú, kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwọn tó ti ta tẹ́tẹ́ sórí líìgì ibòmíràn. Fáànù mẹ́ta, ọ̀kan ò yí. Bẹ́ǹṣì ló burú jù, kò níbi ìfẹ̀yìntì, kẹ́ ẹ tó wo bọ́ọ̀lù tán ẹ̀yìn yín á ti máa sọ tẹnu ẹ̀. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọ́n á mú iná, gbogbo ilé á ké "haaa", kí ariwo yẹn tó parí jẹnẹrétọ̀ ti dáhùn. Ọmọkùnrin kan ló jókòó tì í lẹ́yìn ilé, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, kì í wo bọ́ọ̀lù, àwa la máa ń lọ sọ fún un pé mélòó ni wọ́n ti gbá.

Ibi tí Ṣíámánù ti fi hàn mí pé òun mọṣẹ́ ni May 19, 2024. Ọjọ́ tí líìgì parí, àwa pẹ̀lú Everton, Man City pẹ̀lú West Ham, aago kan náà. Tí City bá kọsẹ̀ táwa borí, ife di tiwa, ogún ọdún géérégé lẹ́yìn 2004 tá a gbá match 38 tẹ́nìkan ò nà wá. Ló bá gbé tiwa sí tíifíì ọ̀tún, ó gbé tìyẹn sí tòsì, ojú gbogbo wa ń lọ ó ń bọ̀ bí ọmọ tó fẹ́ sọdá títì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, Foden ti City ti gbá ọ̀kan wọlé. Ó gbá èkejì. Ẹnìkan ní ẹ pa tòsì yẹn jàre, àwọn yòókù ní tó bá pa á àwọn máa gba owó àwọn padà. Àfi bó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi tí Kudus, ọmọ Gánà tó wà ní West Ham nígbà yẹn, fò sókè, ó dẹ̀yìn kọlẹ̀ lójú òfuurufú, ó sì gbá a wọlé látorí ara ẹ̀. 2–1! Ọjọ́ yẹn gbogbo wa di ọmọ Gánà. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dì mọ́ mi, òógùn ẹ̀ wọ jẹ́sì mi, gbogbo ìjà tá a ti ń bá àwọn ará Gánà jà lórí jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì, lójú ẹsẹ̀ la fi jì wọ́n. Lọ́tùn-ún, Tomiyasu tún dá èyí tí Everton ti gbá fún wa padà. Mo ní ó ti ṣeé ṣe.

Rodri ti City ló bà á jẹ́ nígbà tí wọ́n wọlé padà. Nígbà tí Havertz wá gbá èkejì tiwa wọlé, tó jẹ́ pé a ti borí, kò sẹ́ni tó pariwo, Ṣíámánù nìkan ló pàtẹ́wọ́. City ní 91, àwa ní 89. Lọ́jọ́ kejì mo mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ibẹ̀ kọjá, mo ti mú ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ dání sí "8–2" ẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. Ó ti nu bọ́ọ̀dù mọ́ tónítóní.

Ó dáa, ẹ̀sùn mi nìyí o. April 8, 2025, aago mẹ́jọ alẹ́, Real Madrid wá bá wa ní Emirates. Dish Ṣíámánù bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ló bá lọ so fóònù mọ́ tíifíì tó ń fi dátà fa match láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó gba ₦500 wa. Ẹ sì mọ̀ pé ti íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ lẹ́yìn ti dish. Ilé ìwobọ́ọ̀lù míì wà ní òdìkejì títì, dish tiwọn ń ṣiṣẹ́. Fríkíìkì àkọ́kọ́, a gbọ́ ariwo níta, a rò pé ìjà ni, àfìgbà tí Rice gbá tiwa wọlé. Fríkíìkì kejì wá dé. Rice ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó dúró, ó ń wo Courtois tó ń ṣọ́lé fún Madrid, bẹ́ẹ̀ ni ìta ti gbiná, "GÓÒÒÒLÙ!" Rice ò tíì gbẹ́sẹ̀ o! Ọkùnrin tí ò gbá fríkíìkì wọlé rí látìgbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ó fẹ́ gbá èkejì lálẹ́ ọjọ́ kan náà, èmi dẹ̀ ti mọ̀ kó tó gbá a. Ẹran inú ọbẹ̀ mi ni wọ́n jẹ kí n tó jókòó tì í. Nígbà tó máa fi di ti Merino, ẹlẹ́ẹ̀kẹta wa, àwọn kan ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ etí sí òdìkejì títì, wọ́n kọ ojú sí tíifíì wa. Mo ní "Ṣíámánù, ẹ ṣe báyìí fún wa?" Ó ní "Àbúrò, ṣebí ẹ borí."

Inú bí mi débi pé mo wo ìpadàbọ̀ ẹ̀ nílé. April 16, ní Madrid, àwọn tí gbogbo ayé ní wọ́n máa dá a padà. Parlour mi, àga tìmùtìmù, fáànù tó ń yí, mímu tútù. Match ti ń lọ sópin, Martinelli sáré já wọn sílẹ̀, ó gbá a wọlé, 2–1, mo fò sókè, mo wò ọ̀tún mo wò òsì, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ dì mọ́. Ọmọ jí, ó ń sunkún. Ìyàwó mi yọjú láti yàrá, ó ní "Kí ló ṣẹlẹ̀, bàbá ẹ?" Mo ní kò sí nǹkan. Àbí kí ni mo fẹ́ ní kó ṣẹlẹ̀? Mo jókòó padà.

Bàbá mi ò tiẹ̀ gbà pé bọ́ọ̀lù là ń wò. Ọmọ IICC ni wọ́n, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn tá a wá ń pè ní Shooting Stars, àwọn tó gba ife Áfíríkà wá sí Nàìjíríà fúngbà àkọ́kọ́ ní 1976, tí wọ́n gbá 4–1 fún Tonnerre Yaoundé n'Ìbàdàn níbí. Èmi dẹ̀ rèé, Kanu ló kó mi wọ̀ ọ́, October 1999 tó gbá mẹ́ta sílé Chelsea nígbà tí wọ́n ti ń fi 2–0 nà wá. Mo mú Bàbá lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wo bá a ṣe ń pariwo mọ́ tíifíì, wọ́n ní "Ta lẹ̀ ń pè? Ṣé wọ́n ń gbọ́ yín ni? Tá a bá pe Ọdẹ́gbàmí nígbà tiwa, ó ń gbọ́." Ṣíámánù ò gba owó lọ́wọ́ wọn, ó lọ gbé àga oníke wá látinú yàrá ẹ̀, àwọn méjèèjì wá gbàgbé match síbẹ̀, pápá Adámásìngbà ni wọ́n ń sọ, Múdà Lawal ni wọ́n ń sọ, 1992 tí Shooting gbá mẹ́ta fún àwọn ará Uganda. Bàbá ní Ṣíámánù yẹn ọmọlúàbí ni, wọn ò bi mí pé mélòó ni Arsenal gbá.

Tẹ́ ẹ bá máa wá, ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè rí bẹ́ǹṣì kejì lápá ọ̀tún, abẹ́ fáànù tó ń yí nìyẹn. Ẹ ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tiwọn gbẹ dáadáa. Ilé ìtọ̀, ẹ ṣe é nílé. Kẹ́ ẹ dẹ̀ kọ́kọ́ bi Ṣíámánù pé ṣé dish ni àbí fóònù kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ni méjì níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ mú ṣéńjì dání o. Lálẹ́ May 7 tí PSG lé wa dànù, ₦1,000 ni mo fún Ṣíámánù, ó ní kò sí ṣéńjì, ó di match tó ń bọ̀. Mo ti lọ lóríṣiríṣi ìgbà látìgbà náà, gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé ó di match tó ń bọ̀. Ìyàwó mi bi mí láàárọ̀ yìí pé kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní ₦500 mi wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.