Ta ni yóò tẹ bọ́tìnì? Ìfiwéra ohun tí olú ìjọ lè fi pín fláyà àti fídíò fún àwọn ẹ̀ka

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ju fláyà ìsọjí sínú gúrúùpù WhatsApp àwọn ọmọ mídíà gbogbo ẹ̀ka ìjọ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ̀ka kan ti gbé ti ọdún tó kọjá síta, torí òun ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ bà nínú fóònù. Ẹ̀ka kejì gé ìsàlẹ̀ fláyà kó lè wọ Instagram, nọ́ńbà tí èèyàn máa pè sì bá a lọ. Ẹ̀ka kẹta ò gbé nǹkan kan; ọmọ mídíà wọn ní òun ò ní dátà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dán ohun èlò wò. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan fún ìjọ, ilé-ìwé tàbí ilé oúnjẹ tí ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Facebook tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí: ta ni yóò tẹ bọ́tìnì? Àwọn kan wà tí olú fi ń gbé nǹkan sórí ojú-ìwé ẹ̀ka tààrà, bí ìyá tó ń fi òkèlè sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn kan á gbé ìkòkò sílẹ̀, kí kálukú wá bu tirẹ̀. Bí ẹ bá ra irú àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka tó ti dàgbà, ìjà ni ẹ rà.

WhatsApp pẹ̀lú Google Drive. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tí a máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. WhatsApp máa ń dín àwòrán kù; ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú pásítọ̀ á dà bí ẹni tí wọ́n ń wò nínú omi. Drive ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹ lè fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láìyí líǹkì padà: ẹni tó tẹ líǹkì tó gbà lóṣù tó kọjá á bá ti òní. Àmọ́ ẹ ò ní mọ ẹni tó gbé e jáde àti ẹni tó sùn lé e.

Meta Business Suite. Ọ̀fẹ́ lòun náà, fún Facebook àti Instagram. Ẹ lè yan àkókò tí nǹkan máa jáde, ẹ sì lè fún èèyàn láàyè láìfún un ní páásìwọ́ọ̀dù, èyí tó máa yé ẹnikẹ́ni tí ọmọ mídíà rẹ̀ ti jápa rí, tó gbé kọ́kọ́rọ́ ojú-ìwé lọ sí Kánádà. Kí olú má ṣe béèrè full control lọ́wọ́ ẹ̀ka. Ẹni tó bá ní in lè yọ àwọn yòókù kúrò, pásítọ̀ ẹ̀ka á sì fura. Àyè láti gbé nǹkan jáde ti tó.

Crossposting tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ojú-ìwé méjèèjì á kọ́kọ́ gbà fún ara wọn. Lẹ́yìn náà, olú á gbé fídíò sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ka á sì mú un jáde lórí tirẹ̀ láìtún un gbé sókè. Fún ìwàásù wákàtí kan, dátà tí ìyẹn dá sí kì í ṣe kékeré. Collab ti Instagram yàtọ̀ sí èyí: póòsì kan ṣoṣo ló ń hàn lójú-ìwé méjèèjì, ẹ̀ka ò sì lè fi aago ìsìn tirẹ̀ rọ́pò ti olú nínú rẹ̀.

Buffer àti Hootsuite. Ohun èlò tí èèyàn fi ń gbé póòsì jáde sórí ọ̀pọ̀ ojú-ìwé láti ojú kan ni méjèèjì. Buffer ń fúnni ní ìkànnì 3 lọ́fẹ̀ẹ́; ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà sí ìkànnì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, iye ìkànnì ni wọ́n fi ń ka owó. Ẹ fọwọ́ ka tiyín ná: ẹ̀ka 20, Facebook àti Instagram, ìkànnì 40 nìyẹn, ní dọ́là, lóṣooṣù. Hootsuite pa ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀ tì ní 2023. Ó dáa fún báńkì tí agbẹjọ́rò rẹ̀ ń ka gbogbo gbólóhùn kó tó jáde. Ìjọ ẹlẹ́ka mẹ́wàá ò nílò rẹ̀.

Canva Pro. Ibí ni mo máa ná owó sí. Olú á ṣe fláyà nínú rẹ̀, á sì pín in bíi template. Ẹni tó bá tẹ líǹkì náà á rí ẹ̀dà tirẹ̀, á kọ àdírẹ́sì ẹ̀ka àti aago ìsìn sí i, á gbé e jáde fúnra rẹ̀. Ti olú ò ní bàjẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ ò lè dá ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ osàn dúró. Ẹ̀ka kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pupa fòò.

Canva fún fláyà, crossposting fún fídíò, Drive fún ìyókù: ohun tí à ń lò nìyẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ẹ̀ka méjì dán an wò fún oṣù kan. Kí ọ̀kan jẹ́ èyí tó ní kọ̀ǹpútà àti iná, kí ìkejì jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi fóònù Android tójú rẹ̀ ti sán ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bá gbé fláyà jáde láàárọ̀ Sátidé láìpè yín, ẹ mú káàdì jáde.