Mobil 1 5W-30 nínú Corolla tókúnbọ̀ mi l'Ábẹ́òkúta, àti ìgbà tí mo ń pààrọ̀ rẹ̀

Ẹni tó bá ń kánjú, ìdájọ́ mi nìyí: ọ́ìlì yìí dára, owó rẹ̀ kò sì ṣòfò. Nínú Corolla 2005 mi, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ bí mọ́tò bá ti rin 5,000 kìlómítà tàbí bí oṣù mẹ́fà bá pé, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. N kì í pààrọ̀ rẹ̀ ní 2,000 bí àwọn kan ládùúgbò wa ṣe ń ṣe, n kì í sì í dúró dìgbà tí ìwé ara kẹ́ẹ̀gì bá sọ. Bí mo ṣe dé orí iye yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, torí òun làwọn èèyàn ń bi mí ju owó ọ́ìlì gan-an lọ.

Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE ló wà nínú mọ́tò mi, 1.8 lítà, tó ní VVT-i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì yí ìgbà tí fáàfù ẹ́ńjìnì ń ṣí padà. 5W-30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ni ìwé mọ́tò náà ní ká máa lò, 3.7 lítà ló sì ń gbà bí a bá pààrọ̀ fíltà pọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rà á, 20W-50, tó ki jù ú lọ, ni wọ́n ti rọ sí i, òun náà sì ni mẹkáníìkì mi l'Áṣèrò ń rọ fún gbogbo mọ́tò tó bá wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé 5W-30 dé, ó dì í mú, ó mì í, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì yìí mà ṣàn bí omi! Oòrùn ilẹ̀ wa ò gba èyí o."

Ọ̀dọ́kùnrin yìí mọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n kò sì ní gbé mọ́tò mi fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ìta kọ́ ni ọ́ìlì ń bá jà, ooru inú ẹ́ńjìnì ni. Ì báà jẹ́ Abẹ́òkúta nínú oṣù Kẹta, ì báà jẹ́ ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, bí mọ́tò bá ti gbóná tán, thermostat, fáàfù kékeré tó ń darí omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára, ló ń mú kí omi rẹ̀ dúró sí nǹkan bí 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nọ́ńbà 30 yẹn sì rèé, bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ti àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ni 5 tó ṣáájú. Ihò tín-ín-rín ni ọ́ìlì ń gbà dé ibi VVT-i, ọ́ìlì tó bá sì ki jù kì í tètè débẹ̀.

Etí mi ló kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Pẹ̀lú 20W-50, bí mo bá ṣáná sí mọ́tò láàárọ̀, màá gbọ́ kà-kà-kà-kà níwájú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó dákẹ́. Látìgbà tí mo ti ń lo 5W-30, bó ṣe ń dáhùn ló ń dákẹ́. Ti epo bẹntiróòlù, mo rò pé ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iye kìlómítà. Ìwé ìtọ́jú tí Toyota ṣe fún un l'Amẹ́ríkà ní 5,000 máìlì tàbí oṣù mẹ́fà. Àwọn tó ń ṣe Mobil 1 náà sọ fáwọn ará Amẹ́ríkà pé ọ́ìlì wọn lè dé 10,000 máìlì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ máìlì yìí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Mọ́tò tókúnbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń kà. Máìlì kan sì lé díẹ̀ ní 1.6 kìlómítà. Bí mẹkáníìkì bá ní kẹ́ ẹ padà wá ní 5,000, tí ẹ wá fi 5,000 kún nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí níwájú yín, 8,000 kìlómítà lẹ fẹ́ rìn yẹn. Tó bá wá jẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n látinú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá títì ló wà nínú rẹ̀, ẹ ti pa ẹ́ńjìnì yẹn lára. 5,000 kìlómítà tèmi, nǹkan bí 3,100 máìlì ni. Mo máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ kọ ọ́ sórí téèpù funfun, kó kọ "máìlì" sí i gàdàgbà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí mo ti lè máa rí i bí mo bá ń wọlé.

Kí ló dé tí n kò fi tẹ̀lé ìwé Toyota, kí n lọ dé 8,000 kìlómítà, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé ọ́ìlì tó dára ni mò ń lò? Ìrìn mọ́tò mi ni. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò kì í wo ìrìn títì tó já gaara bákan náà pẹ̀lú ìrìn inú eruku, ìrìn kúkúrú àti ìdúró pẹ́ lójú kan tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n a ní kí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tètè máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ sì wo ìgbésí ayé mọ́tò l'Ábẹ́òkúta. Èmi ń ta àdìrẹ n'Ítòkú. Láti ilé dé ọjà kò jìnnà, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ọ̀nà, ẹ óò gùn ún, ẹ óò sọ̀ ọ́. Bí mo bá ní iṣẹ́ lọ́nà Láfẹ́ńwá lọ́jọ́ ọjà, màá kàn jókòó sójú kan ni, ẹ́ńjìnì á máa hó, nọ́ńbà dáṣíbọ́ọ̀dù kò sì ní yí. Ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó ń bá a kà á. Ilé-iṣẹ́ Ford tilẹ̀ ti sọ fáwọn tó ń lo ọkọ̀ wọn fún iṣẹ́ pé wákàtí kan tí ẹ́ńjìnì fi ń dúró ṣiṣẹ́ lójú kan dà bí ìrìn nǹkan bí 33 máìlì. Ẹ wá fi ọyẹ́ kún un, àti eruku pupa ojú ọ̀nà ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ọ́báńtokó tí ọ̀dà kò tíì kàn.

Ohun mìíràn tún yí ìṣirò mi padà. Tẹ́lẹ̀, mọ́tò yìí ló ń gbé mi lọ s'Ékòó, láti Ewékoro gba Ifọ̀ dé Sango. Bí ìnira ọ̀nà yẹn ṣe tó, ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, ibùdókọ̀ Láderin tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ni mo ti ń wọ ọkọ̀. Mọ́tò mi wá di ti Ìtòkú, ti Kútọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kìlómítà rẹ̀ dín kù, iṣẹ́ ọ́ìlì rẹ̀ kò dín. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń jó epo, omi àti bẹntiróòlù díẹ̀ máa ń já wọnú ọ́ìlì. Ìgbà tí mọ́tò bá gbóná tó sì rìn pẹ́ ni wọ́n ń gbẹ kúrò níbẹ̀. Mọ́tò tó ń rìn díẹ̀, tí wọ́n tún pa á kó tó gbóná délẹ̀, kì í rí wọn gbẹ. Nítorí náà, lọ́dọ̀ mi báyìí, oṣù mẹ́fà ló ń kọ́kọ́ pé kí 5,000 tó dé, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láìwo kìlómítà. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, tí títì rẹ̀ já gaara, lè fi ọ́ìlì kan náà dé 8,000 kìlómítà kí nǹkan kan má sì ṣẹlẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí èyí: ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ thermostat sọ nù, wọ́n á ní kò wúlò fún ilẹ̀ olóoru. Ẹ má gbà. Láìsí i, ẹ́ńjìnì kì í tètè dé bó ṣe yẹ kó gbóná, omi inú ọ́ìlì náà ò sì ní í gbẹ. Tèmi ti nù kí n tó ra mọ́tò. Òun ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá padà kí n tó na kọ́bọ̀ lórí ọ́ìlì olówó ńlá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ń dùn mí. Àwọn èèyàn á fa géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, wọ́n á nù ún mọ́ tíṣù, wọ́n á ní "ó ti dúdú, ó ti kú." Iṣẹ́ ọ́ìlì tó dára ni kó fọ ẹ̀gbin inú ẹ́ńjìnì, kó gbé e mọ́ra, kó má jẹ́ kó dì mọ́ irin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rọ Mobil 1 sí i, kò pẹ́ rárá tó fi dúdú kirikiri, torí ẹrẹ̀ tí 20W-50 ọjọ́ pípẹ́ ti fi sílẹ̀ ló ń fọ̀. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì yóò máa da ọ́ìlì tó ṣì lágbára nù. Ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ ṣì pọ́n, lè máa fi ọ́ìlì tí omi ti wọ̀ rìn.

Ohun tó fọkàn mi balẹ̀ jù lọ ni ọjọ́ tí gásíkẹ́ẹ̀tì ìderí tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìderí òkè ẹ́ńjìnì, ń jò, tí wọ́n ní láti ṣí i. Mẹkáníìkì mi ti ṣí i rí ní kété tí mo ra mọ́tò náà. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ dúdú ló dì sí gbogbo igun, ó fi ìdí sukurudírafà ha á, ó sì ń já bọ́ ní ègé-ègé bí èéfín ara ìkòkò. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, lẹ́yìn tí mo ti ń lo 5W-30 ní 5,000, ó tan iná fóònù sínú rẹ̀. Irin náà ti ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ hàn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin lápá kan, ṣéènì ń dán, ìwọ̀nba dúdú díẹ̀ ló kù lápá ẹ̀yìn níbi tí ọ́ìlì kì í ti í ṣàn kíá. Ó fi ìka nù ún, ó wo ìka náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì yín yìí ń ṣiṣẹ́ o." Kò tún bá mi jiyàn oòrùn mọ́.

Fíltà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ní gbogbo ìgbà. 3.5 lítà ni ẹ́ńjìnì yìí ń gbà láìpààrọ̀ fíltà, 3.7 pẹ̀lú rẹ̀. Ọ́ìlì ìdọ̀tí tó kù nínú fíltà àtijọ́ ni ìyàtọ̀ àárín wọn, inú ọ́ìlì tuntun yín ló sì máa padà sí. Nọ́ńbà fíltà Toyota tó bá a mu ni 90915-YZZF2.

Lórí rírà: ó wọ́n ju ọ́ìlì lásán lọ dáadáa, ibẹ̀ sì ni mo ti yọ máàkì kan kúrò nínú márùn-ún. Kẹ́ẹ̀gì 4 lítà ń tó mi, díẹ̀ sì ń ṣẹ́ kù tí mo fi ń tọ́ ọ sí i. Àwọn ìgò kéékèèké tó ń ti Amẹ́ríkà wá kò pé lítà kan, 946 mílílítà ni. Mẹ́rin nínú wọn ń tó Corolla gẹ́lẹ́, mẹ́ta kò lè tó. Ayédèrú ni ewu tó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan tà kẹ́ẹ̀gì kan fún mi tí ìdè ìderí rẹ̀ kò já bí mo ṣe ń yí i, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ń run gbẹ̀ẹ́. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀, mo gba owó mi pẹ̀lú ariwo. Látìgbà náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fún mi ní rìsíìtì ni mo ti ń rà á, èmi fúnra mi ni mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ojú mi ni wọ́n ń ṣí i, mo sì máa ń ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ dá ìdí kẹ́ẹ̀gì òfìfo lu kí n tó kúrò níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ojúlówó tó ṣófo ni àwọn oníjìbìtì ń rà tí wọ́n ń rọ kọndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì, ìyẹn ọ́ìlì tí mọ́tò ti lò tán, tí wọ́n ti sẹ́ sí. Ọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n bá tú nínú mọ́tò tèmi, káfíńtà ló ń gbà á fún pákó, kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Láàárín ìpààrọ̀ kan sí èkejì, ẹ máa wo géèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. L'Ábẹ́òkúta, ilẹ̀ tó tẹ́jú yẹn gba wíwá, torí bí mọ́tò bá fi orí dalẹ̀, irọ́ ni géèjì á máa pa. Ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ láyé máa ń mu ọ́ìlì. Ìpele tó lọ sílẹ̀ sì ń pa ẹ́ńjìnì kíákíá ju ọ́ìlì tó pẹ́ lọ.

Níbi mímu yìí ni mo ti ń sọ fáwọn kan pé kí wọ́n má tíì ra ọ́ìlì yìí. Bí ẹ́ńjìnì yín bá ń mu lítà kan láàárín 1,000 kìlómítà, tí èéfín búlúù ń jáde lẹ́yìn, ẹ máa bá 20W-50 yín lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 3,000 kìlómítà, kẹ́ ẹ sì máa tọ́ ọ sí i. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra Mobil 1, ẹ kó o jọ fún ríìngì písítọ́ọ̀nù àti sílì fáàfù, tó yẹ kó máa dí ọ́ìlì lọ́nà. Bí wọ́n bá ti tún ìyẹn ṣe tán, ẹ wá gbé 5W-30 wọlé.