Òróró, ìda àbí Klucel G: èwo ni kí ẹ rà fún àkọ̀ ìbọn àtijọ́?

Kò sí ìpara tó lè gba ìbọn pélébé tó ń gbé inú àkọ̀ awọ. Awọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ní ásíìdì, ó sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Irin tó bá fara tì í á dógùn-ún níbi tójú ò tó. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta, kí ẹ wá tọ́jú ìbọn àti àkọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ki bébà tí kò ní ásíìdì sínú àkọ̀ kó má bàa tẹ̀.

Òróró ẹsẹ̀ màlúù. Kò wọ́n, awọ tó ti gan á sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń tan olùrà jẹ. Awọ á dúdú, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn, òróró tó bá sì ti wọlé kò ṣeé fà jáde mọ́. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá dé ara bọ́tìnnì idẹ, nǹkan aláwọ̀ ewé kan á hù yí i ká, á sì máa ti awọ ya. Àkọ̀ tuntun tí wọ́n ń lò ló wà fún, kì í ṣe àkọ̀ àtijọ́ bíi M1916 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò.

Ìda microcrystalline, ìyẹn ìda tí wọ́n ń yọ láti inú epo rọ̀bì. Inú British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní London, ni Renaissance Wax, ọ̀kan lára irú ìda yìí, ti jáde. Irin, igi èèkù àti awọ tójú rẹ̀ ṣì dá ló bá lára mu. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan lórí aṣọ òwú ti tó. Ẹ nù ún títí á fi dán. Bó bá pọ̀ jù, á funfun sójú ibi tí wọ́n rán. Kì í mú awọ rọ̀ o, bó sì bá kan awọ tó ń bó, á ká a kúrò ni.

Klucel G. Ohun tó ń lẹ nǹkan pọ̀, tó sì ń yọ́ nínú ọtí ni. Òun ni kí ẹ rà bí awọ bá ń ya ìyẹ̀fun pupa sí yín lọ́wọ́. Ẹ po gíráàmù 1 sí 2 rẹ̀ mọ́ mílílítà 100 ethanol (ọtí líle tó ń gbaná), níbi tí iná ò sí, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi búrọ́ṣì rírọ̀ kùn ún. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ ìdérí, torí ó lè mú awọ dúdú díẹ̀. Ìyẹ̀fun ló ń dì pọ̀. Kò wo awọ sàn. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ má fi kàn án rárá: awọ bẹ́ẹ̀ á dúdú, á sì le gbagidi.

Ní ti ibi ìpamọ́, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìpara. Ọ̀rinrin 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá awọ mu. Bó bá gbẹ jù, á sán. Irin ní tirẹ̀ ń fẹ́ kó gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà inú àpótí ìbọn ni silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, ń gbé. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí, ẹ yan án nínú ààrò ní nǹkan bíi 120°C. Ẹ má dì í mọ́ awọ nínú àpò ọ̀rá.